Ààwẹ̀ Ọjọ́ Eré

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bù mọ́ ọn. Èmi ni mo ní kí Nathaniel gbààwẹ̀.

Ọmọ mi kan ṣoṣo ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mọ́tò eré ló sì ń wà. Wákàtí mẹ́fà ni mọ́tò kan fi ń sáré yípo pápá, tí awakọ̀ méjì á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń bá eré náà kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó ku ẹyọ kan, èyí tí wọ́n fẹ́ sá níbí, lókè Atlanta, mọ́tò tiwọn ló wà níwájú. Bí wọ́n bá gba ipò kìíní ọdún náà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ń dúró de Nathaniel. Bí wọn ò bá gbà á, ẹgbẹ́ náà á túká.

Ni mo bá pè é láti ilé mi ní Covington. "Ọjọ́ mẹ́ta, títí kan ọjọ́ eré, dry fasting. No food, no water, títí di six o'clock ìrọ̀lẹ́."

"Mọ́mì, inú mọ́tò yẹn máa ń gbóná gan-an."

"Ta ló dá ooru?"

"Yes, ma."

Nọ́ọ̀sì ni mí o. Bí aláìsàn kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn létí mi, màá bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ mi, ẹ̀rù sì máa ń sọ mí di òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n fi mí jókòó sí gáréèjì wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ sí mi létí kí n lè máa gbọ́ ohùn Nathaniel. Òfin wọn ni pé awakọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo wákàtí kan àtààbọ̀ nínú mọ́tò. Bí ẹnì kan ò bá lò ó pé, mọ́tò náà ò gba nǹkan kan.

Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí ti Nathaniel pé nígbà tó ní, "Cool suit's gone." Ẹ̀wù tó ń gbé omi tútù yí i lára ká ti bàjẹ́ nìyẹn.

"You okay?" Bridget, ọ̀gá wọn, bi í.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Fine."

Nígbà tó tún bi í, Nathaniel ò dáhùn rárá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ ọ́, gbogbo ọdún náà á sì wọmi. Bí mo bá dákẹ́, tí òòyì kọ́ ọ lórí eré burúkú yẹn ńkọ́? Mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án.

"Bridget, he hasn't had water today. Not a drop. I made him fast."

Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. "Box, Nathaniel. Box now." Kó kúrò lórí pápá, kó wọlé wá nìyẹn.

"Nine minutes! Bridget, it's just nine minutes!"

"Now."

Dókítà pápá dá a dúró títí eré fi parí. Awakọ̀ kejì gbé mọ́tò náà dé ipò kìíní, ṣùgbọ́n àkókò Nathaniel ò pé, wọn ò kà á fún wọn; ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, pé omi pé lára rẹ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ lójijì. "Olúwa, o ṣeun! Láìsí omi!"

"Mọ́mì, ẹ dìde." Nathaniel ò wojú mi. "Mo mu omi. Every day. Mo jẹun too. Mi ò dáhùn torí pé mo ń fight mọ́tò yẹn ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò ní gbààwẹ̀ náà?"

"Sọ fún ẹ̀yin kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. "Mọ́mì, have I ever said no to you?"

Mo wá a lọ́kàn mi, láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọwọ́ títí di ọjọ́ yẹn. Mi ò rí ẹyọ kan.