Tọ́bò Tí Alàájì Rà

Surajudeen mọ ọ̀nà tí ì bá gbà yọ, ó sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀gbọ́n nílé.

Òun àti Mujeebat ìyàwó rẹ̀ ló ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Tí àwọn ọmọ ẹja náà bá ti tó ìka ọwọ́, wọ́n á kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n á fi píkọ́ọ̀pù gbé wọn lọ fún Luke, tó ní pọ́ǹdù ẹja lápá Challenge. Luke nìkan ni oníbàárà gidi tó kù fún wọn. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà, oòrùn á mú omi gbóná, ẹja á kú. Luke ti gba òkú ẹja lọ́wọ́ wọn rí. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ pe òun mọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni tọ́bò píkọ́ọ̀pù kú. Tọ́bò ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára, méjì ló sì bá ọkọ̀ yẹn wá, ńlá kan, kékeré kan. Surajudeen gbé e lọ bá Simon, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

"Sùrá, a lè wá méjì míì, a sì lè fi ńlá kan ṣoṣo rọ́pò wọn," ni Simon wí. "Wàhálà ẹyọ kan ò pọ̀. Ká ní ọ̀nà Èkó lò ń sá lójoojúmọ́ ni, òun ni ǹ bá ní kó o gbé. Ṣùgbọ́n inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lo wà, omi rẹpẹtẹ lẹ́yìn ẹ. Ńlá kì í tètè jí. Kékeré ló ń bá ẹ ti ọkọ̀ gun òkè. Méjì ni kó o wá."

Ó yé Surajudeen kedere. Ó ní òun á máa wá a títí yóò fi jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀.

Àfi bí Alàájì Gàfárù ṣe gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Surajudeen ni, ó ń gbé Bódìjà, ó lawọ́, inú rere rẹ̀ kì í sì í béèrè ọ̀nà kó tó dé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹbí pé jọ sílé bàbá wọn lẹ́yìn ìrun, Alàájì yọ tọ́bò kan jáde nínú páálí, ẹyọ kan gbàǹgbà bí ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbé e sórí ẹní níwájú Àáfáà. Àáfáà ṣàdúà sí i pé iná ò ní jó o, olè ò ní gbé e. Omi ayọ̀ bọ́ lójú Àbẹ̀ḿbí, ìyá wọn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Surajudeen náà ṣe é, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bó ṣe ń ṣe é.

Ta ló fẹ́ dìde lẹ́yìn irú àdúà bẹ́ẹ̀, kó ní èyí kọ́ lòun fẹ́? Nílé tiwọn, ohun tí wọ́n bá ti ṣàdúà sí níwájú ẹbí ti di tìẹ nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tí wọ́n délé, Mujeebat wo tọ́bò náà títí.

"Bàbá Suhail, ṣé èyí tí Simon sọ nìyí?"

"Alàájì ló rà á."

"Mo mọ ẹni tó rà á. Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn. Ẹ pè wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Kí n wá ní kí ni? Pé ẹ̀bùn wọn ò dáa?" Ó kanra mọ́ ọn, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Simon náà sọ pé èyí kọ́ lòun ní kó wá, ó mi orí, ó sì fi tọ́bò náà sọ́kọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ẹja lọ fún Luke, gbogbo ẹja tó wà nílé ni wọ́n kó. Ọkọ̀ rìn dáadáa títí ó fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lápá Jẹ́ríkò, ni gosílóò bá há a mọ́ orí òkè. Ó sún díẹ̀, ó dúró. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ, èéfín dúdú á bo gbogbo ẹ̀yìn, tọ́bò ò ní jí. Kó má baà yí padà sẹ́yìn lu kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Surajudeen ń fún un níná, ó ń fi kílọ́ọ̀ṣì dì í mú, títí kílọ́ọ̀ṣì fi jóná, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ọkọ̀ ò lọ mọ́.

Oòrùn ń mú sí i. Surajudeen ṣí dúrọ́ọ̀mù, ó rí àwọn ẹja tí wọ́n yọ ẹnu sókè, tí wọ́n ń wá atẹ́gùn. Ó ra omi pọ́ọ̀ wọ́tà, ó ń fi eyín ya á, ó ń dà á sí i. Ikùn funfun bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Kí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ́ ọ tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó pe Luke. Luke ò pariwo. Ó ní, "Kò burú, Bọ̀ọ̀dá Sùrá. Ọlọ́run á pèsè," ó sì pa fóònù.

Mujeebat gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó yẹ dúrọ́ọ̀mù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sẹ́bàá gọ́tà. Kò pẹ́ sí i ni Alàájì dé, tó gbọ́ lẹ́nu Simon pé ọkọ̀ ti dákú.

"Kí ló ṣe é?"

Surajudeen wolẹ̀. "Simon ní ẹyọ kan ò lè gbé ẹrù wa gun òkè, sà."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ẹ tó rà á, sà."

Alàájì wo ọkọ̀ náà. "Ẹlẹ́yọ kan àti oníméjì, méjèèjì ló wà níwájú ẹni tó tà á fún mi. Ó bi mí pé èwo. Mo ní mi ò mọ̀, pé ìwọ lo ni ọkọ̀. Ó ní kí n gbé èyí lọ, tí kì í bá ṣe òun, kí n dá a padà, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Mo ń retí kó o sọ̀rọ̀, Sùrá. Nígbà tí mo rí i tó o dọ̀bálẹ̀, mo ní á jẹ́ pé òun náà ni."

Mujeebat gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀, kò tún wò ó mọ́. Ó dìde, ó mú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkú ẹja dà sínú gọ́tà.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Surajudeen wí.

Alàájì ní òun ò bínú.