Obì Tí Wọ́n Gbé Lọ Tọrọ Ọgbà

Mọ́rìlíátù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé nǹkan kò ṣeé ṣe. Ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ ní àdúgbò Kalley, nílùú Niamey lórílẹ̀-èdè Niger, léèrè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Nùsáybà ọmọ rẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a lọ́wọ́ kò.

Àgbàlá ilé tí wọ́n háyà kò gba èrò, wọ́n sì ti gbẹ́ títì iwájú ilé yánnayànna nítorí gọ́tà. Àwọn ẹbí ọkọ ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé bí kò bá sáyè ní Niamey, kí wọ́n gbé ìnáwó wá sọ́dọ̀ àwọn. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ṣùgbọ́n Ìyá Rọ́fíàt, ìyá Mọ́rìlíátù, tó tọ́ Nùsáybà dàgbà, kò lè wọ mọ́tò ọ̀nà jíjìn mọ́. Orúnkún rẹ̀ ò gbà. Bí wọ́n bá lọ sí Ìlọrin, kò ní fojú rí ìgbéyàwó náà nìyẹn. Màmá ò ráhùn o. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ máa lọ, màá máa ṣàdúà nílé," ohùn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Èyí gan-an ló ń dun Mọ́rìlíátù wọ eegun.

Ibì kan ló kù: ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba létí Odò Ọya. Mọ́rìlíátù gba ọ́fíìsì lọ. Mùsíọ̀ Sèyní, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Zarma tó jẹ́ ọ̀gá ọgbà, ò tilẹ̀ ní kó jókòó. "Rárá, màdáàmù. Ọgbà kì í ṣe gbọ̀ngán."

Mọ́rìlíátù délé, ó fi ìbínú já gèlè jù sílẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni! Ta ní í dá lọ bẹ àgbà, táá tún mú ọwọ́ òfo lọ?" Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Gbàdàmọ́sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àgbà àdúgbò wọ agbádá, wọ́n kó obì gbànja sínú igbá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, Mọ́rìlíátù tẹ̀ lé wọn, ó di ilé Sèyní ní àdúgbò Bobiel.

Ìyàwó Sèyní ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo agbádá, ó wo igbá, ló bá figbe ayọ̀ bọnu! Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin àdúgbò ti kún àgbàlá, wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti gbé wàrà tútù wá. Sèyní jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó di Gbàdàmọ́sí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ káàbọ̀ o! Èwo nínú àwọn ọmọbìnrin mi lẹ wá tọrọ?"

Yéè! Ní ìlú yìí, bí àwọn àgbà bá gbé obì wọlé ẹni báyẹn, ìyàwó ni wọ́n wá fẹ́. Mọ́rìlíátù kúkú mọ̀. Ìbínú ni ò jẹ́ kó rántí. Gbàdàmọ́sí, tó ń sọ èdè Zarma bí ẹni ń jẹ̀pà, wá ń wúkọ́ ẹ̀tàn. Ilẹ̀ ì bá lanu, Mọ́rìlíátù ì bá kó sí i. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì wá, ọ̀gá. Ọgbà la wá tọrọ."

Sèyní fi ọwọ́ Gbàdàmọ́sí sílẹ̀.

"Ọgbà wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ní kì í ṣe gbọ̀ngán." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ti ìyá rẹ̀ fún wọn, ó sọ ti orúnkún, ó sọ ti ọmọ tí màmá fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ èyí lọ́fíìsì?"

"Ẹ ò jẹ́ n jókòó, ọ̀gá."

Ìyàwó Sèyní ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Sèyní náà ò lè mú un mọ́ra. "Wọ́n ti ké igbe ayọ̀ nínú ilé mi. Ṣé kí n wá sọ fún àdúgbò pé mo lé àna mi ni? Mo ti fi ọgbà fún yín. Àmọ́ ọmọ mi ni o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára rẹ̀."

Gbàdàmọ́sí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti agbádá. "A gbà bẹ́ẹ̀, bàbá ìyàwó!"

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé Ìyá Rọ́fíàt sórí àga lábẹ́ igi dóńgóyárò. Sèyní kó gbogbo obìnrin Bobiel wá, ó ń kí gbogbo ayé ní àna, ó sì ń lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí òdòdó. Nígbà tí lèmọ́mù so yìgì tán, Nùsáybà wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ náà mú, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ó ṣojú mi kòró," ó ní, omijé ń dà. "Nùsáybà, ó ṣojú mi kòró!"