Ìgò Ọmọ Aránṣọ

Ó dá èémí dúró. Búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò ju irun mẹ́ta lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àlùmọ́gàjí gé ìyókù kúrò. Ó gbé e lé èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún, ó sì fa ọ̀dà pupa náà wálẹ̀ láìkánjú, láìdúró, títí tó fi dé ìdí èékánná. Ìgbà tó gbé ọwọ́ kúrò ló tó mí. Ìlà pupa náà tọ́ ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà búlúù tín-ín-rín mẹ́fà tó ti fà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí funfun, bí ojú ewé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò tíì kọ nǹkan sí.

“Ọwọ́ òsì ni mo fi ṣe èyí o,” ó sọ fún yàrá tó ṣófo.

Ọdún méjì ló gbà kí ọwọ́ òsì yẹn tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dà máa ń ṣàn lọ sára awọ, ìlà a sì wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bó bá ti jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ àtijọ́ sílẹ̀, tó to àwọn ìgò rẹ̀ sápá ọ̀tún, tó gbé òwú àti ásítóònù tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò sápá òsì, kò sí ohun tí ojú rí tí kò lè yà. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fọ́ńté. Ó mọ iṣẹ́ tó dáa bó bá rí i, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń fi máàkì sí iṣẹ́ ẹlòmíì.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, nìkan ló mọ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀, torí pé òun ni Tíṣà Mọ́ńdè.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ní iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a tò, wọn a na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọn a dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, òun a sì máa rìn láàárín wọn pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, ásítóònù àti òwú nínú àpò. Èékánná tó gùn di gígé nìyẹn. Èyí tó dọ̀tí di fífọ̀. Ní ti èyí tí wọ́n bá kùn, ojú gbogbo iléèwé ló ti ń nù ún kúrò, ìgò ọ̀dà náà a sì wọ inú agolo bísíkíìtì tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó máa ń lẹ bébà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, a kọ bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ni ín àti kíláàsì rẹ̀ sí i, torí pé kì í ṣe olè. A ní kí wọ́n wá gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde níléèwé. Kò sẹ́ni tó wá rí. Ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Tíṣà Mọ́ńdè nítorí ọ̀dà èékánná?

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, agolo náà bá a délé. Ó fẹ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, àmọ́ ó ṣí i wò kó tó dà á nù, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìgò mọ́kàndínlógójì ló bá nínú rẹ̀. Púpọ̀ ti gbẹ di òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n po ìyẹ̀fun irin mọ́, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé òòfà sún mọ́ ọn kó tó gbẹ, ìyẹ̀fun náà a wọ́ jọ di ìlà ìmọ́lẹ̀ kan láàárín èékánná, bí ojú ológbò. Òmíràn wà tó máa ń sán bó bá ṣe ń gbẹ, bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni obìnrin yìí. Kò lè rí nǹkan tó ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ kó máà fẹ́ mọ ìdí. Ó dán an wò lórí èékánná kan. Ó dán an wò lórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí èyí tó wà nínú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wọkọ̀ lọ sí òdìkejì ìlú, ó ra tuntun, ó sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé àbúrò òun ló rán òun.

Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú agolo náà tí kò tíì gbẹ. Bébà ara rẹ̀ sọ pé: Ọmọ Aránṣọ, kíláàsì kẹta.

Ọ̀dà inú rẹ̀ kò jọ èyí tó tún rí níbikíbi mọ́. Nínú òtútù, ó máa ń ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Bí ooru bá kàn án, a mọ́ gaara bí omi, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ a sì hàn síta. Ó ti ki lẹ́yìn ọdún méjìlá, àmọ́ ó kán omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà díẹ̀ sí i, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì jí.

Ilẹ̀kùn ṣí, àbúrò rẹ̀ yọjú. Ó ti múra tán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti fìdí kalẹ̀. Aago mọ́kànlá ni wọ́n pe àwọn èèyàn o.”

“Ó ku èyí tó máa bò ó.”

Àbúrò sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ wò ó. Àtàǹpàkò méjèèjì jẹ́ ojú ìwé. Ìka ìlábẹ̀ jẹ́ pátákó dúdú tó ní àmì ẹfun tóótòòtó, èyí tó fi orí pín-ìn-nì tò sí i. Ìlà ojú ológbò wà lórí ìka àárín, ìka tó tẹ̀ lé e sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, fàdákà sì ń yọjú láti abẹ́ rẹ̀. Àmì máàkì pupa kan ṣoṣo ló wà lórí ọmọńdinrín, irú èyí tí tíṣà máa ń fi sí ìdáhùn tó bá gbà.

“Èyí mà dáa o,” ni àbúrò wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. “Kí lẹ wá fẹ́ bò ó sí? Ẹ ti fẹ̀yìn tì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe?”

“Àwọn tí mo nu tiwọn kúrò ló máa jókòó síbẹ̀. Ṣé kí n wá jókòó síwájú wọn pẹ̀lú tèmi?”

“Ẹ yáa nù ún kúrò nígbà náà.”

Ìyẹn gan-an ni kò lè ṣe. Òní ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ òfìfo ni òun máa fi gbà á lọ́jọ́ bíi tòní. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun bá òun lọ, kódà bó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ìgò Ọmọ Aránṣọ.

“Gbọ̀ngán iléèwé yẹn máa ń tutù,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá wọn rà wọ́n.”

Gbọ̀ngán náà tutù lóòótọ́. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan, èékánná rẹ̀ sì rẹ́súrẹ́sú, ó bójú mu bí ti tíṣà èyíkéyìí tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n sọ ìtàn rúlà rẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i: Fún tíṣà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sì dìde láti gba ìkíni àwọn tó ti tò síwájú rẹ̀.

Ohun tí kò rò nìyẹn. Ó ti ro ti ẹ̀rọ amúlétutù, kò ro ti bíbọ ọwọ́.

Ìkíni àwọn tó ṣáájú kò pẹ́; wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á kọjá. Lẹ́yìn wọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ súwẹ́tà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife tíì gbígbóná sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ ọ̀tún tíṣà náà, kò sì fi í sílẹ̀.

“Ṣé ẹ rántí mi, Mà? Bàbá mi ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù.”

Ó rántí. Ọmọ kíláàsì kẹta, ọmọńdinrín kan ṣoṣo ló kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ ọmọ náà sókè kí gbogbo iléèwé rí i, ló wá fi òwú ha á títí tí awọ fi pọ́n. Ọmọ náà kò sunkún. Ìgò yẹn ló ń wò. “Ẹ dákun, Mà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀,” ló sọ. Òun sì dáhùn pé: “Ọjọ́ tó o bá jáde, màá fún ọ.”

Ní báyìí, ọwọ́ akọ̀wé náà gbóná. Tíṣà Mọ́ńdè wolẹ̀, ó rí i pé àtàǹpàkò òun ti ń mọ́. Ìlà búlúù yọ, ti pupa tẹ̀ lé e. Pátákó dúdú jáde. Ìka àárín la ojú. Ó lè fa ọwọ́ rẹ̀ padà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, torí pé akọ̀wé náà ti wolẹ̀, ó sì ti rí wọn.

“Mà,” ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́, “mo mọ ọ̀dà yìí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló mú un wá fún mi láti ìrìn àjò. Mi ò tún rí irú ẹ̀ mọ́.”

Irọ́ kan wà nílẹ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu: àbúrò mi ló kùn ún fún mi. Ọdún méjì ló ti ń fi àbúrò rẹ̀ parọ́ fún ẹni tó ń ta ọ̀dà. Bó bá sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ibi tí ìgò ti wá. Ó la ẹnu. Ó rí ìlà pupa tó fi ọwọ́ òsì fà láàárọ̀ yìí, tó tọ́ ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, irọ́ náà kò sì jáde. Kò lè gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíì. Kò ṣeé ṣe.

“Èmi ni mo kùn ún,” ó wí. Nígbà tí ìyẹn ti jáde, èyí tó kù kò ṣòro mọ́. “Ìgò rẹ ni mo sì lò. Mo ní màá fún ọ, n kò fún ọ. Mo rò pé o kò wá ni.”

“Mo wá, Mà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Ẹ ń bá ẹnì kan wí nínú, mo bá yáa gba ilé lọ.”

Àmì-ẹ̀yẹ tó wà lápá rẹ̀ dédé wúwo. Ojú tì í, ó sì jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

“Má bínú,” ó wí. Kò rántí ìgbà tó sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. “Ti ìgò, àti ti bí mo ṣe na ọwọ́ rẹ sókè lójú wọn. Kò yẹ kí n ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Akọ̀wé náà ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa ọmọńdinrín tíṣà náà, bí ẹni tó ń gbé ooru fún un, títí tí àmì pupa fi yọ kedere.

“Máàkì rèé,” ó wí. “Ẹ ò fi irú ẹ̀ sí ìwé tèmi rí.”

“Sáyẹ́ǹsì rẹ kò dáa ni.”

Akọ̀wé náà bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó tò síbẹ̀ yọrùn wò wọ́n. Ó fa àga kan, ó jókòó sídìí tábìlì tó wà níbẹ̀. “Ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ìgò náà?”

“Ó ku ìdajì.”

“Ó tó èékánná mẹ́wàá.”

Ló bá na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ó ya àwọn ìka kúrò lára wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ Mọ́ńdè. Kò sí ọ̀dà kankan lórí èékánná rẹ̀. Ó gé wọn kúrú, ó sì fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní.

Tíṣà Mọ́ńdè gbé àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sórí àga. Ó wọ awò ojú, ó mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó yí i síbi tí iná wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wo èékánná, ìdọ̀tí ló ń wá, òun náà ló sì ń rí. Èékánná ọmọ yìí fẹ̀ nídìí, ó ní òṣùpá kékeré kan ní gbòǹgbò. Ti ọmọńdinrín tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìlà òró ni màá bá ọ fà sí eléyìí,” ó wí, “kó lè gùn lójú. Ọjọ́ wo lo máa wá?”

“Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, Mà.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn ti sún mọ́ wọn báyìí, wọ́n ń na ọrùn, ẹnì kan sì ń béèrè pé ta ló ya irú nǹkan báyìí fún Tíṣà. Ó gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Ó kọ́kọ́ wo ọmọńdinrín náà tán, ó fọkàn wọn ibi tí ìlà àkọ́kọ́ máa gbà, kó tó gbójú sókè láti dá wọn lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì lábẹ́ iná, gbogbo èékánná ọ̀tún ṣí sílẹ̀, kò sì wá ibi tó máa fi pamọ́ sí.