Afàjẹ̀ àti Iṣan Bàbá

Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ti ilẹ̀kùn yàrá náà, Jẹ́-n-wò-ó kò tíì fi ìdí kan àga. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nípa bí a ti ń fọ ọwọ́, ó kà á tán, kò mọ ohun tí ó kà. Ó tún rìn dé ojú fèrèsé. Obìnrin kan tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà tẹjú mọ́ ọn títí, ó wá ní bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó ń wọ̀n, kí ó jọ̀wọ́ sọ bí ó ti gùn tó fún àwọn, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pè é mọ́. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ìṣègùn, níbi tí ó ti ń rọ ẹ̀mú tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń di ojú ẹ̀jẹ̀ mú, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ lójú rẹ̀ tí kò ní nawọ́ sí i, kí ó wí pé, “Jẹ́ n wò ó.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀mú kan wà tí ó tún ṣe, tí eyín rẹ̀ kò fi ń ya ẹran ara mọ́. Ẹ̀mú náà wà nínú àwo irin ní yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó gbé e rìn lónìí kì í ṣe ọ̀ràn irin.

Òkúta ni ó kún àpò òróòro bàbá rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ti fi iṣẹ́ náà sí ọ̀la, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀bẹ òun kò ní kan ara ẹni tí òun kò tíì mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dì. Àfi kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọn kò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà, kò sí iṣẹ́ abẹ. Àpò náà sì ti ń wú. Oníṣẹ́ abẹ kò fi bò fún wọn pé bí ó bá lọ bẹ́, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì gbìyànjú ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, ó gbìyànjú ní ti òsì, ó gbìyànjú ní ẹ̀yìn ọwọ́. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, iṣan ń sá. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti bá a, ẹ̀jẹ̀ á yọjú díẹ̀, á sì dá dúró, bí ẹni tí ó rántí lójú ọ̀nà pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà tí ẹ̀yìn ọwọ́ wú tán, bàbá fa apá méjèèjì sábẹ́ aṣọ, ó ní òun kì í ṣe tìmùtìmù aránṣọ tí a ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Tíṣà ni bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti fi ohùn tíṣà sọ, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ìparẹ́ tí ó lè pa á rẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí Jẹ́-n-wò-ó lè jókòó wà nínú àpò tí ó gbé kọ́ èjìká. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ: ike funfun ni, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wà ní ẹnu rẹ̀, sípíríìnì, irin kíká tí ń ta padà, wà nínú rẹ̀, ìgò kékeré sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ iṣan, ìka kan ni a óò fi tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sípíríìnì yóò fa ọ̀pá inú rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ yóò sì rọ́ wọ inú ìgò kí ẹni tí a ń gún tó ṣẹ́jú. Afàjẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Òun ni ó ronú rẹ̀, òun ni ó gbẹ́ ẹ, òun ni ó sì tún un ṣe títí ó fi ń lá àlá sípíríìnì.

Ara wọn ni wọ́n fi dán an wò ní ilé-iṣẹ́. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n yí tábìlì ká, ọ̀gá wọn ni ó sì kọ́kọ́ na apá. Kò kùnà lára ẹnì kan. Ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ jù láàárín wọn ní bí ó bá jẹ́ báyìí ni, kí wọ́n tún òun gún. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká sípíríìnì sílẹ̀ de iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí afàjẹ̀ dé ilé ìwòsàn yìí, tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fi gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda apá wọn fún ìdánwò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìró sípíríìnì ni wọ́n ń gbọ́. Ìgò gbẹ bí ẹnu ààwẹ̀. Nígbà náà ni Jẹ́-n-wò-ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọgbọ́n lójú ara rẹ̀. Ó ní afàjẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Nọ́ọ̀sì dá ohun èlò náà padà sínú páálí rẹ̀, ó sì lọ fọ ọwọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì náà ni, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

“Wọlé. Bàbá rẹ ní ìwọ ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.”

Bàbá náà dùbúlẹ̀, ó kọ ojú sí ilẹ̀kùn, aṣọ bò ó dé ọrùn. Kò kí ọmọ rẹ̀.

“Ohun tí ẹ ṣe náà dà?”

“Ó wà nínú àpò, Bàbá.”

“Mú un jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yọ̀ǹda. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá, kí wọ́n là mí. Bí kò bá wá, kí ẹ gbé mi lọ sílé.”

Nọ́ọ̀sì sáré dá sí i. Ó ṣàlàyé pé wọn kò tíì fi àṣẹ sí ohun èlò náà fún aláìsàn, ìdánwò ni wọ́n ṣì ń fi í ṣe. Bàbá ní apá òun ni apá òun.

“Apá ni tiyín, Bàbá,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Àṣẹ ni kì í ṣe tiyín.”

Jẹ́-n-wò-ó dúró ní àárín àwọn méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ọkàn rẹ̀ sì ń lọ síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ tèmi mọ̀ ọ́n lò, ni ọkàn rẹ̀ ń wí fún un. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yún un ní ìsàlẹ̀ ọkàn náà, kò sì mọ ibi tí ì bá ti họ ọ́.

“Kí ni ẹ pè é?” bàbá béèrè.

“Afàjẹ̀.”

Bí ìrora ti ń ká a lára tó nì, bàbá náà gbé ojú sókè. “Afàjẹ̀ kẹ̀? Omi kànga ni à ń fà. Ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò, a kàn ń gbé igbá sí i ni, a ó sì gbà á. Èwo ni ti ẹ̀jẹ̀ nínú méjèèjì?”

“Bàbá, ọ̀kan náà ni. À ń fa ẹ̀jẹ̀, à ń gba ẹ̀jẹ̀.”

“Kò sí ọ̀rọ̀ méjì tí ó jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni a fẹ́ fi ìkejì ṣe?”

Ìrora tún mú un, ó di ojú. Nígbà tí ó là á, ó na apá ọ̀tún jáde láti abẹ́ aṣọ, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ó gbé ẹrù kalẹ̀.

Jẹ́-n-wò-ó jókòó ti apá náà, ó ń fi ìka wá iṣan. Ó pẹ́ kí ó tó rí i. Ó rọ̀ bí òwú tí ó bọ́ sómi. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Iṣan náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wà bẹ́ẹ̀, ó lọ́ra kí ó tó dìde. Láìmọ ìdí tí ó fi ṣe é, ó tẹ ti apá ara rẹ̀ náà. Iṣan tirẹ̀ yọ sókè bí okùn. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ta padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún padà sí ti bàbá. Ó tún padà sí tirẹ̀.

Ó wá rí tábìlì ilé-iṣẹ́ wọn lójú inú, àti gbogbo apá tí ó yí i ká. Apá ẹni tí ń fi fáìlì fá irin láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Apá tí iṣan rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí sípíríìnì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ara wọn wọn bàtà fún gbogbo ayé. Kí ni sípíríìnì yóò ṣe fún iṣan tí ó rọ̀ bí èyí? Ohun tí ẹnu ọmọdé ń ṣe fún ọ̀rá omi ni: bí ó bá fà á jù, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ra, omi kò ní jáde mọ́.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì,” ni ó wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀, “kì í ṣe ọwọ́ yín.”

“Mo mọ̀.”

“Iṣan tiwa ni a fi dán an wò. Èyí tí ó le.”

“Ìyẹn ni n kò mọ̀.”

Jẹ́-n-wò-ó pa ẹnu àpò rẹ̀ dé láìmú nǹkan kan jáde. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní lo ohun èlò náà fún un; pé pípa ni yóò pa iṣan rẹ̀ dé, ẹ̀ẹ̀kan tí ó yọ̀ǹda yóò sì ṣòfò. Bàbá wò ó títí.

“Láti ìgbà wo ni o ti mọ̀?”

“Nísinsìnyí, Bàbá.”

“Ṣáájú nísinsìnyí ńkọ́?”

“Ẹ̀bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni mo sọ pé ó jẹ́.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá náà kí ó tó rántí pé ẹ̀rín dùn ún. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ó bú ẹ̀rín náà, ó sì bú òróòro rẹ̀. Ó ní ọmọ tí òun fi gbogbo ayé kọ́ ní àròjinlẹ̀ ni ó wá di ẹni tí ń na kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé ó fi orí gbá a. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. “Ẹ̀ẹ̀kan mi kò tíì tán. Ẹ máa gbà á.”

Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ tí ó kéré jù lọ nínú àwo rẹ̀, àti sírínjì kékeré. Ó ki aṣọ ìnura bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi wé apá náà. Jẹ́-n-wò-ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí apá náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà, ó di okùn rọ́bà mọ́ òkè apá náà, ó sì dẹ̀ ẹ́, ó ní láàárọ̀ òun ti fún un jù.

“Ẹ má fà á, Àǹtí.”

“Bí n kò bá fà á, ṣé kí n máa kọrin fún un ni?”

“Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá sírínjì máa tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣíwájú rẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ yọjú, ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì dúró. Jẹ́-n-wò-ó dìde. Ó yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì po, ó padà, ó nawọ́, ó ká ọwọ́ kò, títí nọ́ọ̀sì fi sọ fún un, láìgbé ojú sókè, pé òjìji rẹ̀ ń ṣú lé òun lórí, kí ó wá ibi kan jókòó sí. Ó jókòó. Ó fi ìdí tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àga kí wọ́n má baà lọ bá nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kò fa nǹkan kan. Ó ń dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ọ̀pá náà bí ẹni tí ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tí ń sùn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tún yọjú, ó ń bọ̀, ó ń rọra bọ̀.

“Ṣé kò tíì tó ni?” bàbá béèrè.

“Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ ó dá a padà.”

Ó tó. Nọ́ọ̀sì rọ ọ́ sínú ìgò, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó sì gbé e jáde ní ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bàbá tẹ òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ránṣẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ń dì bí ó ti yẹ kí ó dì, àti pé òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́la.

Ó yẹ kí ara Jẹ́-n-wò-ó rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Kí ó tó sọ nǹkan, inú ọ̀gá ti dùn: sípíríìnì ti kún páálí, wọ́n ti ń wá páálí mìíràn. Jẹ́-n-wò-ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọ̀gá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ, ó sì ṣàlàyé iṣan bàbá rẹ̀ fún un, àti iṣan tiwọn. Ọ̀gá bínú, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní bóyá kí wọ́n dín agbára sípíríìnì náà kù. Jẹ́-n-wò-ó ní bí ó ti wù kí agbára náà kéré tó, fífà ni yóò ṣì máa fà.

“Kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀?” ni ọ̀gá béèrè.

“N kò tíì mọ̀, Ọ̀gá. Ohun kan tí ó lè dúró.”

“Ta ni a ó wá fi dán an wò?”

“Bí a bá ti gba àṣẹ, kí olúkúlùkù bẹ ìyá rẹ̀ kí ó bá wa wá.”

“Ìyá tèmi kò fẹ́ rí abẹ́rẹ́ sójú.”

“Irú wọn gan-an ni mo ń wá.”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní kí ó dúró lórí fóònù. Jẹ́-n-wò-ó gbọ́ bí ó ti ń pariwo sí àwọn ènìyàn ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó sì ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lẹ́tí, ó ń fetí sí bí àwọn ẹ̀rọ tí ń ká sípíríìnì ti ń dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.