Orin Màmá Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìyá wọn kò gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà mọ́. Ohùn tó bá rinlẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti tín-ín-rín, ó parí. Àlejò á kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ni àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì bá ní àwọn á ṣe agogo mìíràn fún un. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ káfíńtà, kan àpótí rẹ̀. Àbúrò, tó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ jẹun, fi orin tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ní kékeré sínú rẹ̀ ní ohùn tó rinlẹ̀.

Ọpọlọ agogo náà kò ju èékánná lọ. Èdè tó gbọ́ kò gba àsọdùn: àṣẹ kan, ìlà kan. Ohùn orin kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nọ́ńbà tí kò gbọdọ̀ yí padà láé. Àárín àwọn àṣẹ ni Àbúrò tò wọ́n sí.

Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Agogo ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, kò sì dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ èyí ni Màmá kọ fún mi, mi ò bá tíì sùn dòní!"

Àbúrò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó pariwo. "Háà! Ojú ọ̀nà ni mo to orin sí! Ẹ̀rọ yìí ò mọ nọ́ńbà yàtọ̀ sí àṣẹ. Ohun tó bá ti bá lójú ọ̀nà, ṣíṣe ló ń ṣe é."

Ó kó orin lọ sí ìsàlẹ̀ gbogbo àṣẹ pátápátá. Kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ àwọn àṣẹ náà kọ̀ jálẹ̀: ó jìnnà jù, àṣẹ tó fẹ́ mú un kò lè nawọ́ débẹ̀.

"Lójú ọ̀nà, ó dìgbò lù ú, lẹ́yìn odi, ọwọ́ ò tó o," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé ká gbé e rù ẹ́ lórí ni?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí ibi tó máa jókòó sí."

Ibi tí iṣẹ́ orin kíkọ parí sí, àṣẹ kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó padà síbi tó ti wá. Ẹ̀yìn àṣẹ yẹn gan-an ló tò wọ́n sí. Ẹ̀rọ kò ní tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láé, wọn ò sì jìnnà sí i.

Wọ́n kan agogo mọ́ ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Màmá ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin náà lẹ́sẹ̀, tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló jí orin mi gbé?"

"Àwa ọmọ yín ni, Mà!"

Màmá bọ́ síta, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì sínú ilé, ó sì tẹ agogo fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n kúnlẹ̀ kí i bí àlejò pàtàkì. Ó dáhùn tìyàyà-tìyàyà, ó tún pa ilẹ̀kùn dé, ó tún tẹ̀ ẹ́.