Ọpẹ́ Bàbá Mi

Oṣù kẹrin nìyí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ti kọ̀ láti sanwó iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ bàbá mi tí mọ́tò kán. Wọ́n ní bàbá ti sọ lórí fóònù pé ara ti yá.

"Akọ̀wé wọn ló bi mí pé ṣé àlàáfíà ni," ni bàbá wí. "Mo ní a dúpẹ́. Kí ni ọmọlúàbí tún lè sọ?"

Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Ẹ máa fi ọpẹ́ rìn nìyẹn."

Fóònù tún dún. Bàbá gbé e fún mi.

"Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà?" ni akọ̀wé náà bi mí.

"A dúpẹ́" ti dé ètè mi kí n tó wo ẹsẹ̀ bàbá tó wú.

"Rárá, mà. Wọn ò lè dìde."

Bàbá yíjú sí ògiri bí ẹni tí mo bọ́ láṣọ.