Àwọn Tó Kọjú Sókun ní Ayé Iyọ̀

Páàdì géèmù ló kọ́kọ́ kí Wúràọlá. Ó wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí. Ó ní, "O kú ọjọ́ mẹ́ta. O ò fọwọ́ kàn mí mọ́." Wúràọlá ní kí ó má bínú, iṣẹ́ ni. Páàdì ní iṣẹ́ kọ́, òun mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n òun kì í bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jà. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó ya Wúràọlá lẹ́nu níbẹ̀.

Pálọ̀ ilé wọn ní Ìkìrun ni ó wà. Gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀: àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán tí wọ́n fi bíríkì gbé dúró, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, fáànù tó máa ń ké bó bá ń yí. Ògiri tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn kọ́ nìkan ni kò sí mọ́. Níbi tí ògiri náà wà tẹ́lẹ̀, Igbó Díńgí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn igi rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ díńgí, ti na ẹ̀ka wọ inú pálọ̀, wọ́n dé ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

Igbó Díńgí kì í ṣe àjèjì sí i. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ayé mẹ́rin tó wà nínú géèmù kan tí òun àti Oyèdìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, jọ gbá dàgbà. Ẹ má ṣe bi Wúràọlá léèrè ọ̀rọ̀ àwọn ayé wọ̀nyẹn bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ń lọ, nítorí kò ní tètè dákẹ́. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ géèmù náà lórí fóònù, Adájọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ní Igbó Díńgí dà bí ìyàwó arẹwà tí kò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè: ẹ ó wò ó títí, ebi yóò sì máa pa yín. Ó ní ẹni tó ṣe Ayé Àtẹ̀gùn mọṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ràn àṣehàn jù. Ó ní Odò Òkè, níbi tí odò ti ń ṣàn lójú ọ̀run tí òjìji ẹja sì ń kọjá lórí àwọn èèyàn, ni ọba gbogbo wọn, ẹni tí kò bá gbà kó lọ gbá ayò. Ayé Iyọ̀ ni kò lè dárúkọ láìyọ ṣùtì. "Ó ti rẹ àwọn tó ṣe géèmù náà kí wọ́n tó dé ibẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ilẹ̀ funfun, òkun tí kì í mì, àga kan. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n yà fún gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Ṣé ìyẹn náà layé?"

Oyèdìran nìkan ló fẹ́ràn Ayé Iyọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò mú ọkùnrin rẹ̀ inú géèmù lọ síbẹ̀, yóò fi í jókòó sórí àga kí ó kọjú sí òkun, òun náà yóò wá fẹ̀yìn ti tìmùtìmù. Bí àbúrò rẹ̀ bá ń bú ibẹ̀, ẹ̀rín ni yóò máa rín. "Àwẹ̀ró," yóò ní, "ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti rán mi níṣẹ́." Òun nìkan ló ń pe Wúràọlá ní oríkì rẹ̀ yìí. Ìyá wọn pàápàá, Wúrà ló ń pè é.

Wúràọlá bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ inú igbó náà. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ kúrò lórí ẹ̀ka igi, ó ń to wọn sí èjìká. Òjìji ìyá náà hàn nínú gbogbo igi tó wà ní àyíká, ṣùgbọ́n àwọn òjìji yẹn kò ká aṣọ ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n dúró tí wọ́n ń wo Wúràọlá.

"O ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" ìyá rẹ̀ bi í. "Oúnjẹ rẹ̀ mà ti ń tutù."

"Ibo ni wọ́n wà, mà?"

"Ibo ló máa ń wà? Inú géèmù náà ni. Lọ pè é wá. Má sì lọ jókòó tì í níbẹ̀ o."

Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán an láti kékeré nìyí. Ó mọ̀ pé Oyèdìran ti kú. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, nínú ọyẹ́ tó kọjá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lórí. Ó rántí rẹ̀ bí ẹni rántí pé òjò rọ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ń tutù, ọ̀rọ̀ náà kò sì le: bí òun bá pè é, yóò dìde, yóò tẹ̀ lé òun dé ilé, yóò jókòó jẹun. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un láti ọjọ́ yìí pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ, àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Wúràọlá," ọ̀kan pè lẹ́yìn. "Wúràọlá o," òmíràn pè níwájú. Ohùn wọn tín-ín-rín, ó dà bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ife. Kò dáhùn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bó sì ṣe la ẹnu pé kí òun jẹ́ ẹ, Oyèdìran sáré fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ní bí ohùn tí o kò dá mọ̀ bá pe orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè é, má dáhùn, títí tí o ó fi wọ sàréè. Wúràọlá kò gbàgbé. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń lọ, nígbà tó ṣe, àwọn igi dákẹ́.

Ayé Àtẹ̀gùn ló kàn. Oníbodè jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ agbádá tó tóbi jù ú lọ, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Kò sí hóró lára àgbàdo náà, síbẹ̀ ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Wúràọlá kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ ni Adájọ́," ni oníbodè wí.

"Wọ́n kàn ń fi ṣeré ni, sà."

"Rárá, wọn ò fi ṣeré. Àwọn ayé yìí ti pọ̀ jù fún wa láti máa gbálẹ̀ wọn. A fẹ́ ká ọ̀kan nílẹ̀ lónìí. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ wọ́n jù. Èwo ni kò wúlò nínú wọn?"

Ó yẹ kí Wúràọlá sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Ó yẹ kí ó ní òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi í léèrè tí kò fèsì rí? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún ara ṣe lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó ní Odò Òkè kò ṣeé fọwọ́ kàn, ó ní wọ́n lè tún Igbó Díńgí ṣe bí wọ́n bá gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn tí oníbodè jókòó lé yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Oníbodè ń mi orí, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ ọn, ìyẹn sì ń mú kí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu Wúràọlá. Ìgbà náà ló ní, "Ayé Iyọ̀ ni, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"O ṣeun," ni oníbodè wí. Ó ju àgbàdo nù, ó dìde, ó na ọwọ́ lọ sí ẹ̀yìn àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn, ó gùn títí tí kò fi ṣeé fojú tọ̀. Ó di etí nǹkan kan mú lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ẹni ń ká ẹní.

Wúràọlá rántí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á bí ẹ̀rù kò ṣe bà á rí. Ó ní, "Ẹ dúró, sà, mo fẹ́ pe ẹnì kan jáde." Oníbodè kò dúró, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́nà. Ó ní, "Sáré." Wúràọlá gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀ Ayé Iyọ̀ funfun gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú géèmù, iyọ̀ sì ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkun wà níwájú, kò mì. Àga kan ṣoṣo tó mọ̀ síbẹ̀ ti di ọ̀pọ̀, wọ́n tò wọ́n bí àga ṣọ́ọ̀ṣì láti etí òkun títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Ọkùnrin ló jókòó sórí gbogbo wọn. Ẹ̀yìn wọn ló kọ sí i. Ní apá òsì, ilẹ̀ náà ti ń ká bọ̀. Ó ń ká àga, ó ń ká èèyàn mọ́ ọn, kò sì sí ẹnì kankan tó pariwo.

Kò wá sí i lọ́kàn láti pè é ní ọ̀nà mìíràn ju bó ṣe ń pè é nílé lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi! Màmá ń pè yín!"

Gbogbo wọn ló yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, ojú tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láìmọye ìgbà, ojú yẹn sì kún fún ayọ̀. "Wọ́n ń pè mí," ni wọ́n wí fún ara wọn. "Àbúrò mi ló dé yẹn." Àwọn kan nínú wọn ti di arúgbó pátápátá, ohùn wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá ẹnì kan làwọn náà.

"Èwo nínú yín ni tèmi?" Wúràọlá bi wọ́n.

"Èmi ni," ni gbogbo wọn wí. Wọn kò purọ́. Wọ́n wò ó dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí i pé kì í ṣe àbúrò òun. Wọn kò bínú. Wọ́n yíjú padà sí òkun díẹ̀díẹ̀, àánú wọn sì ṣe Wúràọlá débi pé ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ kí ó sunkún.

Ilẹ̀ ń ká bọ̀. Nǹkan kan ló kù, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásán rí láyé. Ọjọ́ kan tó dán an wò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ bi í bóyá òun ló bí i, ó sì fi í sórí ìkúnlẹ̀ títí tí orúnkún fi ń ta á. Orúkọ náà wúwo lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ó tún pọ̀ ọ́ wá sókè.

"Oyèdìran," ó pè.

Ẹnì kankan kò yíjú. Ṣùgbọ́n ní ìlà kejì, èjìká ọkùnrin kan gbéra, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ẹnì kan ń pè mí," ọkùnrin náà sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Ohùn Oyèdìran ni, kò yàtọ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ ẹ?"

"Mi ò mọ ẹni náà. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, kì í pe orúkọ mi. Ohùn tí èèyàn kò bá mọ̀, èèyàn kì í dá a lóhùn. Èmi gan-an ni mo kọ́ àbúrò mi bẹ́ẹ̀."

Wúràọlá sáré. "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni!" ó ní, ojú yẹn sì tún yí padà sí i láti orí gbogbo àga, wọ́n tún dìde pẹ̀lú ìdùnnú, wọ́n sì dí ìlà kejì mọ́ ọn lójú. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ yà wọ́n. Ara wọn tutù, ó sì le bí iyọ̀ tó ti dì. Etí ẹní náà ti dé ìlà kẹta.

"Àwẹ̀ró ni," ó kígbe. "Àwẹ̀ró ni mo jẹ́!"

Ó rí i tí orí kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láàárín wọn, jẹ́jẹ́. Ó rí etí. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í sì ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ojú tí wọ́n pín fún gbogbo wọn. Àpá igbóná tí Oyèdìran ní láti kékeré wà níbẹ̀.

Wúràọlá jí. Orí àga pálọ̀ ló sùn sí, oòrùn ọ̀sán ti wọlé dé ẹsẹ̀ rẹ̀, fáànù ń ké. Ògiri wà níbi tó yẹ kó wà. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀, òun nìkan ló sì wà nílé. Páàdì wà nílẹ̀, iná rẹ̀ ti kú. Ó rántí pé òun ló tan géèmù náà kí oorun tó gbé òun lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú, pé kí òun kàn fojú kan ọkùnrin Oyèdìran níbi tó fi í sí.

Ó wo tẹlifíṣàn. Ilẹ̀ funfun wà níbẹ̀, òkun tí kì í mì wà níbẹ̀, àga kan ṣoṣo wà létí rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó lórí àga náà.

"Àwẹ̀ró," ẹnì kan pè láti ilé ìdáná.

Ohùn náà kò le, kò sì kánjú. Abọ́ kan dún níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí oúnjẹ. Wúràọlá kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò rí ẹni tó pè é. Bóyá òun dá ohùn náà mọ̀, àbí òun kò dá a mọ̀, kò lè sọ.

"Àwẹ̀ró o."

Ó la ẹnu láti jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì tọ́ iyọ̀ wò lára àtẹ́lẹwọ́ náà.